Ṣéńjì Onísúìtì

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni wọ́n ní kí n sọ, n ò ní pẹ́.

Ní Sátidé kan, mo wọ ilé ìtajà ńlá kan, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀. Òróró tí mo gbé, ₦3,200 ni wọ́n kọ sára pẹpẹ. Ìgbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó di ₦3,650. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní, "Ẹ má bínú, Dádì, a ò tíì pààrọ̀ bébà ara pẹpẹ ni." Èèyàn bíi mẹ́fà ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé. Ojú tì mí, mo san ₦4,000. Ó fún mi ní ₦300, ó wá fi súìtì méjì dípò ₦50. Èmi tí eyín ń dùn!

Ní Ọjà'ba wa níbí, tẹ́ ẹ bá ná ọjà tán, ìyá alátà á tún bu èènì lé e. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí yín lára, ẹ ò lè ná an, wọ́n tún jẹ ṣéńjì yín. Ọdún 2007 ni ìjọba ṣe owó wẹ́wẹ́ náírà kan àti náírà méjì jáde. Ta ló rí i gbẹ̀yìn?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa ṣá. Òfin ààbò oníbàárà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, abala 115 rẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ gbà ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó o. Kódà, àkọlé "owó tẹ́ ẹ bá ti san, kò sí ìdápadà" yẹn ò lè dí yín lọ́wọ́ láti dá ọjà tó ti bàjẹ́ padà. Ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì, àwa tá a máa ń sọ ọ́ nù lẹ́nu ọ̀nà.

Mo padà lọ ní Mọ́ńdè. Bébà ₦3,200 ṣì wà níbẹ̀! Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo mú rìsíìtì lọ bá mánéjà. Kò jiyàn rárá, ó ka ₦450 fún mi, ó tún fi súìtì kan lé e. Mo bi í pé ṣé èènì ni.