Omi Ràdíétọ̀ Katakata

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹ̀yin tí ẹ dá owó jọ ra katakata.

Ẹ má bu omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ sí ràdíétọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba Kùtọnù wọlé, iyọ̀ a sì wọ inú ọ̀sà. Iyọ̀ a máa jẹ irin. Ọ̀nà omi a dí, ẹ́ńjìnì a gbóná títí yóò fi kú. Òjò ti rọ̀, a kò tíì kọ ebè: kí ni a óò ṣe?

Omi ràdíétọ̀ tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ lò. Kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó. Ẹ má fi àwọ̀ rà á. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá rí «prêt à l'emploi», ẹ má fi omi là á. Bí ó bá jẹ́ «concentré», lítà 5 rẹ̀, lítà 5 omi bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o!), àfi bí ìwé katakata yín bá sọ òmíràn.

Kí ẹ tó ṣí ìdérí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, bó ti wù kí ẹ máa kánjú tó. Omi gbígbóná yẹn lè fọ́ni lójú. Inú agbada ni kí ẹ tú ti àtijọ́ sí. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni: ewúrẹ́ tó bá lá a lè kú, ọmọdé náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀, kí ẹ da tuntun sí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bó bá tutù, ẹ wò ó, kí ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ògiri.