Ìdíje Gìtá Orí Tẹlifíṣọ̀n: Kí Ni A Ó Ṣe Kí Ti Ọdún Yìí Má Bàa Dàjà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Dallas

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága àti akọ̀wé tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́jọ́. Èmi náà ni mo ṣe adájọ́ ìdíje géèmù olórin tí àwọn ọmọ ṣe níbi àríyá ìdílé wa lọ́dún tó kọjá, ẹ sì mọ bó ṣe parí. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 gbé gìtá sílẹ̀, ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kò sì bá wa jẹun. Láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn òbí rẹ̀ kò wá sí ìpàdé mọ́. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn àgbà lóhùn tí wọ́n ń béèrè pé irú eré wo nìyí. Guitar Hero ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2005 ló jáde. Ọmọ á gbé gìtá oníke kọ́rùn. Gìtá náà kò ní okùn, bọ́tìnì márùn-ún ló wà lọ́rùn rẹ̀: àwọ̀ ewé, pupa, yẹ́lò, búlúù àti àwọ̀ ọsàn. Bí orin bá ti ń lọ, àmì aláwọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ní kété tí àmì bá dé ìlà ìsàlẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ ti tẹ bọ́tìnì tó bá a mu, kó sì fi ọwọ́ kejì ta á. Bó bá yá jù, ẹ̀rọ kò ní kà á. Bó bá pẹ́ jù, kò ní kà á. Dance Dance Revolution ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jáde ní Japan ní 1998. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, lórí ẹní tó ní ọfà mẹ́rin. Ẹni tó bá ń pè é ní eré ọ̀lẹ, kó bọ́ sórí ẹní náà fún orin mẹ́ta péré. Ní 2006 ni ìpínlẹ̀ West Virginia kéde pé àwọn fẹ́ gbé e lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wọn kí àwọn ọmọ lè máa fi ṣe eré ìdárayá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti lu agogo láàárín onílù rí mọ̀ pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ijó á dàrú. Ṣùgbọ́n ìyá ìlù lè dúró dè ọ́, ó lè fi ọgbọ́n gbé ọ padà sọ́nà. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò mọ adùn, àsìkò nìkan ló mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣì í.

Àwọn ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 16. Kí ilẹ̀ má bàa ṣú, a gbé tẹlifíṣọ̀n méjì kalẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbàǹgbà tí ẹnì kan gbé jáde láti gáréèjì rẹ̀. Èkejì jẹ́ tuntun, ó pẹlẹbẹ, ó tóbi, ó ń dán. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ta orin kan náà, kí á kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn 8 tó bá gbé ipò iwájú lọ sí ìpele kejì. Gbogbo wọn ló ń du tuntun. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, tó ti ń fi ọwọ́ kọ́ ọ láti oṣù mẹ́ta, ojú rere ni mo rò pé mo ṣe fún un tí mo fi ní kó lọ sídìí tuntun. Ipò 11 ló gbà.

Nígbà tí mo lọ sílé wọn, ó sọ fún mi pé, “Uncle, mo ta á bó ṣe yẹ. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ń pẹ́.” Ìyá rẹ̀ bá a wí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo délé, mo yọ ìwé máàkì wò. Nínú àwọn 8 tó yege, 7 ló ta á lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ìwé náà ti wà nínú àpò mi láti ọjọ́ àríyá.

Ohun tó fà á nìyí. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ a máa tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, kó lè dán. Títún un ṣe yẹn ń gba àkókò. Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Nínú géèmù olórin, bí àwòrán bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ọmọ tó ń wo àmì á máa ta á lẹ́yìn tí àsìkò ti kọjá, bí àmì bá sì ń rọ́ wá kíákíá, èyí tó kàn á ti dé kó tó ta ti àkọ́kọ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Game Mode, tó ń dín títún àwòrán ṣe kù, géèmù náà sì ní ibi tí a ti ń bá a sọ iye tí àwòrán àti ohùn fi ń pẹ́, kó lè dúró dè é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní parí lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe pé adájọ́ ṣe ojúsàájú. Nínú ayò, ọpọ́n kan náà, ọmọ ayò 48 kan náà ni ọ̀ta àti ọ̀pẹ jọ ń wò, kò sẹ́ni tó lè ní ọpọ́n ló ń pẹ́. Tiwa yìí, àfi kí á fi ọwọ́ ara wa sọ ọpọ́n di ọ̀kan. Nítorí náà, lọ́dún yìí, máàkì tí a bá fẹ́ fi wé ara wọn gbọ́dọ̀ ti orí tẹlifíṣọ̀n kan náà wá, pẹ̀lú gìtá kan náà, àyàfi ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá. Àwọn gìtá yìí ti gbó. Ẹlòmíràn nínú wọn, a ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ńkọ́? Ọmọbìnrin kan gbé gìtá sí apá kejì, bàbá kan nínú wa sì pariwo mọ́ ọn pé kó fi ọwọ́ ọ̀tún ta á, pé ọmọ Yorùbá kì í fi òsì ṣe nǹkan láàárín àgbà. Mo mọ̀ pé inú rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ọmọ náà ń nà sí wa. Ètò wà nínú géèmù náà fún ọlọ́wọ́ òsì, ẹ jẹ́ kí á lò ó.

Yíyan orin tún dá awuyewuye sílẹ̀. Ẹni tó ní géèmù nílé á yan èyí tó ti mọ̀ dunjú. Àwọn tó ń ṣe ìdíje eré ijó ẹlẹ́sẹ̀ ní ọgbọ́n kan tó tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n á fa orin mélòó kan yọ bí ẹni ṣẹ́ kèké, àwọn oníjà á sì máa yọ èyí tí wọn kò fẹ́ kúrò. Bí a bá fa márùn-ún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yọ méjì, ọ̀kan tó kù ni wọ́n á ta. Kí a fi àkójọ orin ránṣẹ́ sílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí àwọn ìyá lè gbọ́ ohun tí olórin ń wí pẹ̀lú. Kí ẹni tó ń ta oníbọ́tìnì mẹ́ta má sì bá oníbọ́tìnì márùn-ún díje, nítorí àmì èyí tó le pọ̀ ju ti ìkejì lọ, máàkì rẹ̀ á sì ga jù.

Àwọn ọmọ kan ní àwọn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kúrò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fún ọmọ 16, ìjà 30 tàbí 31 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 7 pẹ̀lú pípààrọ̀ ẹni, ó tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀, ó kéré tán. Jọ̀lọ́ọ̀fù á ti tutù. Mo dábàá pé kí gbogbo ọmọ ta orin méjì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá láti Arlington tàbí Plano nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí àwọn 8 máa yọ ara wọn. Ìjà 7 péré nìyẹn, gbogbo wa á sì lè jókòó wò ó.

Ní ti wíwò náà, ẹ̀yin ìyá wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan dìde láàárín orin, ó ń lẹ dọ́là mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú orí. Ó dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n gèlè rẹ̀ bo tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọmọ kejì lójú. Ẹ ná owó, ẹ ná an dáadáa, ṣùgbọ́n kí orin parí ná. Kí àwọn onílù wa sì wà nítòsí láti ki ẹni tó bá jáwé olúborí, kí ẹnì kan gba makirofóònù láti máa fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, bí àwọn òǹwòran ayò ṣe ń ṣe lábẹ́ igi. Àwọn àgbà sùn lọ lọ́dún tó kọjá nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ẹni tó ń borí.

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan báyìí ju agbára wa lọ, kó rántí pé agbègbè wa yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1996, àwọn tó fẹ́ràn géèmù Quake kóra jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Garland, kálukú ru kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Ìyẹn ló di QuakeCon, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá ń lọ, tí àwọn tí kò gba owó iṣẹ́ sì ń ṣètò rẹ̀. Ní 1997, wọ́n dá Cyberathlete Professional League sílẹ̀ ní Dallas. Géèmù ìbọn ni tiwọn. Tiwa, orin ni.

Mo ti bẹ ọmọ náà pé kó wá ṣe olórí àwọn tí yóò yẹ ẹ̀rọ wò. Kò tí ì sọ pé òun gbà. Ó ní iye tẹlifíṣọ̀n mélòó ni, àti pé ṣé èmi náà ni adájọ́. Mo ní rárá, ìwé máàkì ni n ó máa kọ, ara ògiri ni n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó ní òun á wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ yá wa, kó gbé e wá ní àsìkò náà, kó má gbàgbé rìmóòtù rẹ̀.