Wákàtí Mélòó Ni Olówó Oṣù?



Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan nínú wa ga di ọ̀gá kékeré, inú wa a máa dùn. Kò ní pẹ́ tí owó ófátáìmù yóò fi dáwọ́ dúró, tí aago mẹ́jọ alẹ́ yóò sì máa bá a lẹ́nu iṣẹ́. Wọn a ní olówó oṣù kì í ka wákàtí.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 kò dá iye wákàtí lé wa lórí. Abala 13 ní kí a fi àdéhùn tàbí ìdúnàádúrà ẹgbẹ́ mú un. Ohun tó bá lé, ófátáìmù ni. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 1, ó kéré tán. Nínú ọjọ́ 7, ọjọ́ 1 jẹ́ ti ìsinmi.

Ṣùgbọ́n abala 91 yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso kúrò lára ẹni tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Ihò tí wọ́n ń gbà wọlé nìyẹn. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ni òfin tọ́ka sí, kì í ṣe orúkọ oyè.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbéga, ẹ ní kí wọ́n kọ iye wákàtí sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e wá sí ẹ̀ka wa.

Ẹni tó jáde nílé kí ọmọ tó jí, tó wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, oyè wo ló jẹ?