Ọ̀RỌ̀ AKỌ̀WÉ NÍ ÌPÀDÉ WA: ỌMỌ TÓ SANRA NÍGBÀ KÒRÓNÀ

Ẹ̀yin ìyá wa, Ìyálọ́jà ní kí a sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àwọn ọmọ.

Ẹ rántí ọdún 2020. Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé-ìwé pa, ọjà náà sì dákẹ́. Nílùú Òyìnbó, àwọn ọmọ jókòó ti tẹlifíṣàn, wọ́n ń jẹun ṣáá. Ní England, nínú 100 ọmọ ọdún 4 sí 5, bíi 10 ló sanra jù kí Kòrónà tó dé. Láàárín ọdún kan péré, ó di bíi 14. Ẹ má sì rò pé ọmọ olówó ni o, ọmọ tálákà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Níhìn-ín ńkọ́? Àwa ò gbé ọmọ kankan sórí ìwọ̀n, ohun tójú wa rí la ń wí. Níbi tí ẹja kò ti tà, ọmọ rù. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní ìsọ̀, bisikíìtì àti mínírà tí kò tà la fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. A ní wọ́n ń dán! Ìgbà tí ilé-ìwé wọlé, yunifọ́ọ̀mù ò wọ ọmọ kan mọ́, ó ń sunkún. Ọmọ-ọmọ tiwa gan-an ni, a ò ní purọ́.

Kòrónà lọ, bisikíìtì ò lọ. A ń kó ẹja tútù lọ sí Ìgbókòdá, a sì ń fowó rẹ̀ ra bisikíìtì bọ̀ wálé, púpurú wà nílé o. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilẹ̀ tí ọmọ ìbá ti máa sáré lọ.

A ti bẹ nọ́ọ̀sì kó gbé ìwọ̀n wá sípàdé tó ń bọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Tiwa ni yóò kọ́kọ́ gun orí ẹ̀.