Tírélà kékeré láti Abidjan: Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ sì tó sùn sínú rẹ̀

Ẹni tó bá ti Ẹ̀jìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí mọ̀ pé ọ̀nà wa jìn. Láti Abidjan dé Èkó lé ní 1,000 kìlómítà, ẹnubodè mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀: Noé, Aflao, Hillacondji àti Sèmè. Ẹni tó bá so tírélà mọ́ ìdí ọkọ̀ yóò sùn lójú ọ̀nà.

Tírélà kékeré tó ní ògiri, òrùlé àti ilẹ̀kùn ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní remorque níbí. Àwọn kan fi ń gbé alùpùpù lọ ṣeré létí òkun ní Assinie, àwọn mìíràn fi ń gbé e lọ sílé. Òfin kan náà ló de gbogbo wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ mọ ohun tó lè fà. Bẹ́ẹ̀dì, pákó àti omi wà nínú ìṣirò náà. Omi lítà 50 jẹ́ kílò 50. Bí ẹrù bá jẹ́ kílò 100, kí nǹkan bí 60 wà níwájú táyà tírélà, kí 40 wà lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé.

Ìkejì ni dídè. Kí wẹ́dà jó òrùka mọ́ irin ìsàlẹ̀, kì í ṣe mọ́ pákó. Bẹ́líìtì mẹ́rin ni kí ẹ fi de alùpùpù, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹ fà á títí ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò fi wọlé dé ìdajì, kì í ṣe tán pátápátá. Lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹ dúró, kí ẹ tún un fà.

Ìkẹta ni oorun, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí wà. Ilẹ̀kùn irú tírélà yìí sábà máa ń ṣí láti ìta nìkan. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ọwọ́ sí i láti inú. Ẹ gbé alùpùpù àti kẹ́ẹ̀gì epo síta kí ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èéfín epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí náà ẹ lu ihò sísàlẹ̀, kí ẹ sì ṣe fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì sí òkè lápá méjèèjì.

Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ tàbí iná èédú nínú rẹ̀, ẹ má sì gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ títí yóò fi pa á. Fáànù oníbátìrì ti tó.

Ní ti ìwé, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láàyè fún 90 ọjọ́ láìsí físà, ṣùgbọ́n ènìyàn ni físà náà wà fún. Ọkọ̀, tírélà àti ẹrù ní ìwé tiwọn. Ẹ gba ìwé ìbánigbófò Brown Card kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì rí i pé iná ẹ̀yìn tírélà ń tàn.

A máa ń gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ o. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó náwó lórí ọ̀dà àti ẹ̀rọ orin, tí ilẹ̀kùn wọn kò sì ṣeé ṣí láti inú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀kùn ná; ọ̀dà lè dúró.