Kí o tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí adágún Volta, mọ àwọn tó ni ọ̀nà

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn òbí wọn sọ ní Jamestown, nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana.

 

Ẹni tó bá ti wá síbi ọdún Chale Wote, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Jamestown níbí lọ́dún 2011, á mọ̀ pé àwọn ọmọ àdúgbò yìí mọ kẹ̀kẹ́ ológeere í gùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ibi tí kẹ̀kẹ́ náà tún lè gbé yín dé: ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́bàá odò Volta àti adágún rẹ̀.

Gravel ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé. Wọn kì í gùn ún lórí títì ọlọ́dà, wọn kì í sì í gùn ún wọ inú igbó kìjikìji. Ojú ọ̀nà eléruku àti òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko, ni wọ́n ń tọ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ ìsáré orí títì lọ kí ó má baà máa yọ̀.

Ní Kenya, ìdíje Migration Gravel Race bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Maasai Mara lọ́dún 2021. Lọ́dún 2022, àjọ UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún gravel ní Italy. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gbàlejò ìdíje àgbáyé ti orí títì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò wáyé nílẹ̀ Áfíríkà.

Ojú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń yí sí ilẹ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò dé etí Volta pẹ̀lú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a béèrè nísinsìnyí pé: ta ló ni ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà?

Ọ̀nà wo lẹ lè gbà?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Atimpoku, tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí ibi tí a wà yìí. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Accra o. Ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, wọn kì í sì í wo ti oníkẹ̀kẹ́. Ẹ so kẹ̀kẹ́ yín mọ́ orí trotro títí dé ibẹ̀.

Ní Atimpoku lẹ ó ti rí afárá Adomi, afárá onírin tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Ẹ ra abolo àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Láti ibẹ̀, ẹ lè máa bá odò náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Senchi, Kpong àti Akuse, tó jẹ́ èbúté ọjà láyé àtijọ́.

Ọ̀nà kejì ni láti ìlú Ho lọ sí Amedzofe, lórí òkè àwọn ará Avatime. Ọ̀nà yìí le. Kí ẹ yẹ bíréèkì yín wò dáadáa, nítorí sísọ̀ kalẹ̀ léwu ju gígùn lọ. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ lè rí adágún náà lókèèrè láti orí òkè Gemi.

Ọ̀nà kẹta tẹ́jú. Láti Sogakope ni ẹ ó ti máa lọ lápá ìlà-oòrùn odò títí dé Adidome. Ẹni tó bá tún lágbára lè padà sí gúúsù lọ́jọ́ kejì, kí ó lọ wo ibi tí odò náà ti ń wọ òkun ní Ada Foah.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa yẹn á di ẹrẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ táyà àti ṣéènì.

Kí ló wà lábẹ́ adágún náà?

Ọ̀pọ̀ àlejò ló rò pé Ọlọ́run ló dá adágún Volta síbẹ̀. Ènìyàn ló dá a. Láàárín ọdún 1961 sí 1965 ni wọ́n kọ́ ìsédò Akosombo, Ààrẹ Kwame Nkrumah sì ṣí i lóṣù Kìíní ọdún 1966. Omi tó sé náà tàn dé nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú lóròó. Ó wà lára àwọn adágún àtọwọ́dá tó tóbi jùlọ lágbàáyé.

Àmọ́ ilé àwọn ènìyàn ló wà níbi tí omi náà tàn dé. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn láti abúlé tó lé ní 700 ló pàdánù ilé wọn. Ìjọba kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ìlú tuntun 52. Kete-Krachi àtijọ́, tó jẹ́ ìlú ọjà ńlá, wà lábẹ́ omi di òní.

Iná mànàmáná láti Akosombo dé ilé iṣẹ́ alumíníọ́mù ní Tema, ó sì dé Togo àti Benin láti àwọn ọdún 1970. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ ló wà nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́bàá omi, tí ẹ rí kùkùté igi tó yọrí lójú adágún, ẹ má ṣe rò pé ẹwà lásán ni. Igbó àti oko ẹnìkan ni tẹ́lẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Orúkọ àdúgbò tí a jókòó sí yìí gan-an ni Ngleshie Alata, Alata sì ni wọ́n ń pe àwa tí a wá láti ìhà Nàìjíríà. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tajà níhìn-ín di ẹrù wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹni tí wọ́n bá ti lé kúrò nílé rí mọ bó ṣe ń rí.

Omi náà kò tíì sinmi

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ni. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, omi inú adágún náà kún ju bó ṣe yẹ lọ, àjọ Volta River Authority sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi jáde kí ìsédò má baà bàjẹ́. Omi náà ya bo àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀. Mepe, Battor, Adidome àti Sogakope wà lára wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sá kúrò nílé, tí ọ̀pọ̀ sùn sí yàrá ìkàwé àwọn ọmọ iléèwé.

Ẹ kíyè sí i pé Adidome àti Sogakope wà lójú ọ̀nà kẹta tí mo kà fún yín. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò á kọjá láì mọ nǹkan kan. Oníkẹ̀kẹ́ á rí ibi tí omi dé lára ògiri, á sì rí ẹni tó ń tún ilé rẹ̀ kọ́. Ohun tí ó bá ṣe lẹ́yìn tó ti rí i ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀nà oko kì í ṣe pápá ìṣeré. Tí ẹ bá dé abúlé, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì gba ọ̀dọ́ ìlú kan tó mọ ọ̀nà láti ṣáájú yín. Ẹ sanwó fún un. Ẹ má ṣe ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láì gba àṣẹ.

Ẹ náwó yín sí abúlé. Tí ẹ bá ra omi, oúnjẹ àti túùbù tán ní Accra, tí ẹ gùn kọjá, tí ẹ sì padà sílé, eruku nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀. Ẹ wo Tafi Atome, kò jìnnà sí ọ̀nà Amedzofe. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ìlú náà ti ń fúnra wọn mú àlejò lọ wo àwọn ọ̀bọ tí wọn kì í pa, owó tí àlejò ń san sì ń ṣe ìlú láǹfààní. Bí ọ̀bọ bá lè mú owó wọ abúlé, kẹ̀kẹ́ náà lè mú un wọ̀ ọ́.

Ẹ dáàbò bo ara yín. Ẹ dé akoto. Ẹ má dá lọ. Ẹ tètè gbéra kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún, ẹ má wọ èyí tó kún jù, ẹ má sì wọ èyíkéyìí láìsí ẹ̀wù tó ń muni léfòó. Àwọn kùkùté tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti dojú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dé.

Kẹ̀kẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ dé ibi jíjìn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò dìgbà tí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ olówó ńlá. Ní Kumasi, Bernice Dapaah àti ẹgbẹ́ Ghana Bamboo Bikes Initiative ń fi igi ọparun ṣe kẹ̀kẹ́ tó lè rin ọ̀nà abúlé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà.

Ẹ sì rántí Emmanuel Ofosu Yeboah. Wọ́n bí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gun kẹ̀kẹ́ la Ghana já, nǹkan bí 600 kìlómítà. Kì í ṣe tìtorí ìran wíwò ló fi lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ará ìlú tó ń kọjá mọ̀ pé aláàbọ̀ ara kì í ṣe alágbe. Fíìmù nípa ìrìnàjò rẹ̀, Emmanuel's Gift, jáde lọ́dún 2005.

Àbá mi rèé. Ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fúnra wa, kí àlejò tó wá yà á fún wa. Kí ó má jẹ́ iye kìlómítà àti gíga òkè nìkan ló máa wà níbẹ̀. Kí a kọ abúlé tí omi mímu wà, ibi tí fọkanáísà wà, ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà, ilé tí àlejò lè sùn sí, àti orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀ kí omi tó bò ó. Àwọn ará ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti gbà á. Bí wọ́n bá ní kí a má gba ọ̀nà kan, kí a yọ ọ́ kúrò.

Omi ti gba ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan. Kí kẹ̀kẹ́ tiwa má gba ọ̀nà mọ́ wọn lọ́wọ́.