Kí Ni Sitebiláísà Ń Ṣe Fún Ẹ̀rọ Orin Wa?

Iná ti lọ láti àárọ̀. Lójijì, iná dé, àwọn ọmọdé àdúgbò sì pariwo: "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Ẹ̀rọ orin tí ẹ kò yọ lára ògiri dún "gbì!", ó sì dákẹ́. Kí ló dé?

Ní Nàìjíríà, 230 fóólítì ló yẹ kí iná ilé wa jẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ń lò ó, ó lè wálẹ̀ débi tí gílóòbù á fi máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè fò sókè lójijì.

Ibẹ̀ ni sitebiláísà ti wúlò. Wáyà kọ́pà tí wọ́n wé mọ́ irin ló wà nínú rẹ̀. Tí iná bá kéré, á gbé e sókè; tó bá pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀. "Kọ́, kọ́" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ojú wáyà ló ń pààrọ̀.

Àmọ́ kì í wo gbogbo àrùn. Tí ẹ̀rọ bá ń kùn "hùùù" lábẹ́ orin, ẹ jẹ́ kí oníná yẹ wáyà tó wọlẹ̀ wò.

Kí ẹ tó ra sitebiláísà, ẹ ka iye wáàtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yín, kí ẹ ra èyí tó jù ú lọ dáadáa. Tí òjò bá sì ń ṣú, tí mànàmáná ń kọ, ẹ yọ ẹ̀rọ lára ògiri. Sitebiláísà kì í bá ààrá jà.